Ìjà Parí Lórí Àga

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ rò pé àfi kẹ́nì kan ṣubú kí ìjà ẹ̀ṣẹ́ tó parí, ẹ gbọ́ ti Ìbàdàn lọ́jọ́ 10, oṣù kẹjọ, ọdún 1963. Ní Liberty Stadium, tó ti di ti Obafemi Awolowo báyìí, Dick Tiger abẹ̀ṣẹ́kùúbíòjò gbéná wojú Gene Fullmer ará Amẹ́ríkà nítorí oyè àgbáyé. Ìjà wọn kẹta nìyẹn: Tiger ló borí nínú àkọ́kọ́, wọ́n ja èkejì sí ọ̀mì.

Ẹ̀ṣẹ́ ń rọ̀ lé Fullmer lójú títí abala keje fi parí. Aago lù, kálukú lọ jókòó. Ẹni tó kàn yà wòran, ìgbà yìí gan-an ni yóò bojú wẹ̀yìn pe ẹlẹ́pà. Kó tó gba ṣéńjì, ẹ̀pa ò bóró mọ́! Àwọn ará kọ́nà Fullmer ti ní ó tó gẹ́ẹ́. Ariwo ta. Ló bá ń bèèrè pé, “Ta ló ṣubú?” Ará ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ á kàn nawọ́ sí àga ni.