Ẹni tó fẹ́ẹ́ jẹun nídìí ẹṣin, kó múra àtikó imí ẹ̀

Lóṣù kejì ọdún 2006, níbi gbàǹjo ẹṣin kan tí wọ́n ṣe ní Florida, l'Amẹ́ríkà, àwọn olówó kojú ara wọn lórí akọ ẹṣin ọmọ ọdún méjì kan. Bí eléyìí bá ti dá iye kan lé e, onítọ̀hún á tún fi kún un, àfìgbà tó di mílíọ̀nù 16 dọ́là. The Green Monkey ni wọ́n padà sọ ẹṣin náà. Ẹ̀yin èèyàn wa, ẹ̀ẹ̀mẹta péré ló sáré ìje láyé ẹ̀, kò gba ipò kìíní lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, gbogbo owó tó sì rí mú wálé ò ju 10,440 dọ́là lọ.

Bẹ́ẹ̀ lọ́dún 2022, Rich Strike, ẹṣin tí wọ́n fi 30,000 dọ́là péré rà lọ́dún tó ṣáájú, ló gba Kentucky Derby mọ́ gbogbo àwọn olókìkí lọ́wọ́. Ẹni tó fi dọ́là kan ta tẹ́tẹ́ lé e lórí jèrè ohun tó lé ní 80 dọ́là.

Kí wá ni wọ́n fẹ́ẹ́ kọ́ èèyàn ní yunifásítì nípa ẹṣin, nígbà tí àwọn tó ti ń bá a bọ̀ ṣì ń ṣi í rà báyìí? Ohun tí òbí máa ń bi ọmọ nìyẹn, tí ọmọ bá jókòó tì wọ́n tó lóun ò ṣe dókítà, òun ò ṣe lọ́yà, ìmọ̀ ẹṣin lòun fẹ́ẹ́ kà. Bàbá tó fẹ́ẹ́ sanwó ilé-ìwé ò jẹ̀bi tó bá lanu sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín.

Ẹni tó bá ti rí ẹṣin níbi Ojúde Ọba n'Íjẹ̀bú-Òde, tí wọ́n ṣe é lọ́ṣọ̀ọ́, tí olówó jókòó gẹlẹtẹ lé e, lè rò pé gígùn ni gbogbo ẹ̀. Rárá o. Ní Lexington, ní ìpínlẹ̀ Kentucky, níbi tí oko ẹṣin pọ̀ sí bí ilẹ̀ bí ẹní, University of Kentucky ń fún èèyàn ní dígírì lórí ìmọ̀ ẹṣin àti bí wọ́n ṣe ń bójú tó o. Ohun tí ẹṣin ń jẹ, koríko tó dáa àti èyí tí ò dáa, àìsàn, ìṣirò owó, òfin ọjà, gbogbo ẹ̀ ni wọ́n ń kọ́ wọn. Ẹṣin kì í bì, tóun ti bó ṣe tóbi tó yẹn. Ohun tó bá ti wọ inú ẹ̀, àfi kó gba ìdí jáde. Ìdí nìyẹn tí inú rírun lásán fi lè pa á mọ́jú.

Ẹ tún gbọ́ èyí. Gbogbo ẹṣin ìje tí wọ́n ń pè ní Thoroughbred l'Amẹ́ríkà, ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ni wọ́n kà sí ọjọ́ ìbí wọn. Èyí tí wọ́n bí lóṣù kìíní àtèyí tí wọ́n bí lóṣù karùn-ún, ẹgbẹ́ ni wọ́n, wọ́n á sì jọ sáré. Ṣé ẹ rí i pé ti oṣù karùn-ún ti gba ẹ̀yìn wáyé? Torí ẹ̀ ni gbogbo olóko fi ń sáré kí abo ẹṣin tètè bímọ. Bẹ́ẹ̀ oṣù mọ́kànlá ló fi ń gbé oyún, kì í sì í fẹ́ẹ́ rí akọ sójú nígbà òtútù, àfi tí ọ̀sán bá bẹ̀rẹ̀ sí í gùn. Kí ni wọ́n wá ń ṣe? Iná ni wọ́n ń tàn sílẹ̀ fún un tílẹ̀ bá ṣú, láti ìparí ọdún, kí ara ẹ̀ lè rò pé òtútù ti lọ. Ẹ̀tàn ni o, ṣùgbọ́n ẹ̀tàn tó ní wákàtí tó gbọ́dọ̀ pé ni.

Ẹgbẹ́ Jockey Club tó ń kọ orúkọ àwọn ẹṣin yìí sílẹ̀ ò sì fẹ́ gbọ́ pé dókítà fi àtọ̀ sínú ike, dandan ni kí akọ fúnra ẹ̀ gun abo. Lọ́dún 2024, 250,000 dọ́là ni wọ́n dá lé Into Mischief, fún abo kan ṣoṣo o! Tẹ́ni tó mú abo wá ò bá mọ̀ pé ara ẹ̀ ò tíì ṣe tán, ìpá kan ṣoṣo tó bá ta mọ́ akọ olówó gọbọi yẹn, wàhálà dé.

Ìwé nìkan ò wá lè kọ́ni nìyẹn. Òru ni abo ẹṣin sábà máa ń bímọ, nínú yìnyín oṣù kìíní àti oṣù kejì, akẹ́kọ̀ọ́ tó bá wà lóko lásìkò náà ò ní í sùn. Tílẹ̀ bá mọ́, ṣọ́bìrì ló kàn, kó máa kó imí. Àwọn ọmọ Mexico àti Guatemala tó pọ̀ nídìí iṣẹ́ náà ò ka dígírì sí, ohun tí wọ́n ń wò ni bóyá èèyàn lè di ìjánu mú. Owó oṣù tí wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀ ò sì jọ ti gbàǹjo rárá. Ẹni tó bá sì ń rò pé dókítà ẹranko lòun máa dà, ọdún mẹ́rin míì ṣì wà níwájú ẹ̀.

Àmọ́ ṣá, ibi tí ọ̀rọ̀ ti le jù lọ nìyí. Lọ́dún 1875 tí wọ́n kọ́kọ́ sá Kentucky Derby, agẹṣin 15 ló jáde, 13 nínú wọn ló jẹ́ aláwọ̀ dúdú. Oliver Lewis ló gbé ipò kìíní, Ansel Williamson tó ti ṣẹrú rí ló kọ́ ẹṣin ọ̀hún níṣẹ́. Isaac Murphy gbà á lẹ́ẹ̀mẹta, lọ́dún 1884, 1890 àti 1891. Jimmy Winkfield gbà á lọ́dún 1901 àti 1902. Lẹ́yìn ìyẹn làwọn aláwọ̀ funfun dìtẹ̀ mọ́ wọn, wọ́n ń há wọn mọ́ ẹ̀gbẹ́ ọgbà lórí eré, àwọn olówó ò sì gbà wọ́n síṣẹ́ mọ́. Wọ́n ní ẹṣin iwájú ni tẹ̀yìn ń wò sáré. Láti 1921 títí di 2000 tí Marlon St. Julien tó jáde, kò sí ọmọ aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà kan tó gun ẹṣin nínú ìje yẹn.

Nígbà yẹn, inú ilé ẹṣin ni bàbá ti ń kọ́ ọmọ níṣẹ́. Nígbà tí wọ́n lé bàbá jáde, ọmọ ò ríbi kọ́ ọ mọ́. Ìyẹn ni kò fi yẹ kéèyàn fi ilé-ìwé ẹṣin ṣe yẹ̀yẹ́. Ọmọ olóko lè kà á fún fáàrí, oko bàbá ẹ̀ ṣáà ń dúró dè é. Ọmọ tí ò lẹ́nì kankan nídìí ẹ̀, ẹnu ọ̀nà tó ṣí sílẹ̀ fún un nìyẹn. Lọ́dún 2020, wọ́n dá ẹgbẹ́ Ed Brown Society sílẹ̀ ní Lexington láti fa irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ wọlé. Ẹrú ni Ed Brown tí wọ́n fi sọrí náà bí, kó tó di ọ̀gá nínú títọ́ ẹṣin ìje.

Kí òbí tó sanwó, kó béèrè bóyá yunifásítì ọ̀hún ní oko àti ẹṣin tiẹ̀, bíi Maine Chance Farm tí University of Kentucky ní, bóyá wọ́n máa ń rán ọmọ lọ kọ́ṣẹ́ lóko olóko, àti ibi táwọn tó jáde níbẹ̀ ti ń ṣiṣẹ́ báyìí. Kó sì jẹ́ kọ́mọ fi oṣù méjì òtútù ṣe ọmọ iṣẹ́ níbì kan ná, kó tó forúkọ sílẹ̀.