Sinimá Mélòó Lẹ Wò Lọ́sẹ̀ Yìí?

Ìbéèrè kékeré kan ni mo gbé wá lóṣù yìí: sinimá mélòó lẹ wò lọ́sẹ̀ tó kọjá? Kí ni orúkọ wọn, ta ló sì ṣe wọ́n? Ọ̀pọ̀ wa ni yóò rántí èyí tó wò lálẹ́ àná. Bóyá a ó tún rántí ti Sátidé. Ṣùgbọ́n bí ọ̀rọ̀ bá ti kan ti ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn, a ó bẹ̀rẹ̀ sí í wí pé, "Ìyẹn tí ọkùnrin kan ti ìlú òyìnbó dé, tó rí i pé wọ́n ti ta ilẹ̀ bàbá òun." Ẹ̀yin náà mọ̀ pé sinimá tó bá àpèjúwe yìí mu kò lóǹkà.

Ohun tí mo fẹ́ bá yín sọ kò ju èyí lọ: kí olúkúlùkù wa ní ìwé kékeré kan, kí ó máa kọ gbogbo sinimá tó bá wò lọ́sẹ̀ sínú rẹ̀. Mo mọ̀ pé ẹlòmíràn yóò ní, "Ìwé tí mò ń kọ fún ọ̀jọ̀gbọ́n kò tíì tán, o tún ní kí n máa kọ ti sinimá!" Ẹ fara balẹ̀ ná, ẹ jẹ́ kí a jọ yẹ ọ̀rọ̀ náà wò.

Àdúgbò wa níhìn-ín ni kí a ti bẹ̀rẹ̀. Ní 1954, ọmọkùnrin kan tó ń jẹ́ Jim Henson jáde ní ilé ẹ̀kọ́ Northwestern High School, ní Hyattsville wa yìí. Yunifásítì Maryland ní College Park ló tún lọ, ó sì gboyè níbẹ̀ ní 1960. Òun ló ṣe Kermit, ọmọláńgidi ọ̀pọ̀lọ́ aláwọ̀ ewé tí tọmọdé-tàgbà mọ̀. Ẹni tó bá rìn kiri ọgbà yunifásítì náà yóò rí ère àwọn méjèèjì tí wọ́n jọ jókòó. Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò mọ̀ ni pé Henson ní ìwé pupa kan. Láti 1965 títí di 1988 ni ó ń kọ nǹkan sínú rẹ̀: iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, fíìmù tó parí, ìrìn-àjò tó lọ, ọmọ tí ìyàwó rẹ̀ bí. Kì í kọ àkọgùn. Gbólóhùn kan ti tó, nígbà mìíràn ọ̀rọ̀ bíi mélòó kan péré. Ó kú ní ọjọ́ kẹrìndínlógún oṣù karùn-ún ọdún 1990. Nígbà tó di 2012, inú ìwé pupa yẹn ni wọ́n ti mú odindi ìwé mìíràn jáde fún gbogbo ayé láti kà.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà géérégé ṣáájú ikú Henson, ní ọjọ́ kẹrin oṣù kẹrin ọdún kan náà, ni Hubert Ògúndé, ọmọ Òṣóṣà, dágbére fáyé ní London. Olóyè Ògúndé náà ṣe fíìmù. Ó ṣe Ayé ní 1979, Jáyésinmi ní 1980, Àròpin-N-Tènìyàn ní 1982 àti Àyànmọ́ ní 1988. Ẹ bi àwọn òbí wa léèrè, ojú wọn yóò tàn bí wọ́n bá gbọ́ orúkọ Ayé. Wọn yóò sọ bí èrò ṣe pọ̀ tó àti bí ẹ̀rù àwọn àjẹ́ inú rẹ̀ ṣe bà wọ́n. Ṣùgbọ́n ẹ wá bi wọ́n pé ọjọ́ wo ni, gbọ̀ngàn wo ni, èló ni wọ́n san kí wọ́n tó wọlé. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ yóò ti bẹ̀rẹ̀ sí í yà. Ọkàn àwọn òǹwòran ni wọ́n kọ ọ́ sí, ọkàn kì í sì í ṣe ibi tí a lè lọ yá ìwé.

Ìdí tí èyí fi ṣe pàtàkì ni pé bí àwọn fíìmù ìgbà náà ṣe ń rìn yàtọ̀ sí ti òde òní. Ẹni tó ṣe fíìmù náà ló ń gbé e kiri láti ìlú dé ìlú, tòun ti ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń sọ àwòrán sára ògiri. Òní gbọ̀ngàn ìlú, ọ̀la ilé ẹ̀kọ́, ọ̀tunla pápá ìṣeré. Ẹ̀dà fíìmù kọ̀ọ̀kan kò pọ̀. Bí olè bá gbé e, bí ooru àti ọ̀rinrin bá bà á jẹ́, ó parí. Ẹ sì mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí Moses Ọláìyá, Baba Sàlá wa. Ó ṣe Ọ̀run Móoru ní 1982; àwọn olè dà á kọ sínú kásẹ́ẹ̀tì fídíò, wọ́n ń tà á ní ìta gbangba, gbèsè sì fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé bàbá náà mì. Ẹni tó ń pa gbogbo Nàìjíríà lẹ́rìn-ín ni ẹkún bá nílé.

Bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn ilé sinimá. Ní Agége, gbogbo ènìyàn mọ Pen Cinema. Awakọ̀ ń pè é, èrò ń sọ̀ kalẹ̀ níbẹ̀, ìjọba Èkó sì ṣí afárá ńlá síbẹ̀ ní 2021. Ṣùgbọ́n sinimá tó fún ibẹ̀ lórúkọ kò sí mọ́. Orúkọ dúró, ohun tó ni orúkọ ti lọ. Ta ni yóò sọ fún wa àwọn àwòrán tí wọ́n wò níbẹ̀, lọ́sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀?

Kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé àwa Yorùbá nìkan ni ohun rere ń sọnù mọ́ lọ́wọ́. Ní 2013, ilé ìkàwé ìjọba Amẹ́ríkà, Library of Congress, tó wà ní Washington nítòsí wa níbí, gbé ìwádìí kan jáde nípa àwọn fíìmù ńlá tí kò ní ohùn, tí wọ́n ṣe ní Amẹ́ríkà láàárín 1912 sí 1929. Wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 11,000. Nínú 100, 14 péré ló ṣẹ́ kù lódindi gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe kọ́kọ́ jáde. Àwọn olówó ayé nìyẹn o! Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí i: báwo ni wọ́n ṣe mọ iye tó sọnù? Nítorí pé ìwé wà. Ìwé ìròyìn kọ ọ́, àwọn ilé iṣẹ́ fi orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba. Fíìmù sọnù, orúkọ kò sọnù. Tiwa ni ó ń sọnù tòun ti orúkọ.

Orúkọ sì ni a fi ń wá ohun tó sọnù. Ní 1976, Adamu Halilu ṣe fíìmù Shaihu Umar ní èdè Haúsá, láti inú ìwé tí Abubakar Tafawa Balewa kọ. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, àwọn ènìyàn rò pé ó ti run. Ní 2016 wọ́n rí i ní ibi tí ìjọba ń kó fíìmù pa mọ́ sí ní Jos. Wọ́n tún un ṣe, wọ́n sì fi hàn ní Berlin ní 2018. Bí kò bá sí ẹni tó mọ̀ pé irú nǹkan bẹ́ẹ̀ wà rí, agolo fíìmù lásán ni ìbá jẹ́ lójú ẹni tó bá rí i.

Ẹnìkan á ní, "Ìgbà yẹn nìyẹn. Lónìí, fóònù mi ń rántí gbogbo ohun tí mo bá wò." Òótọ́ ni, ó ń rántí, ṣùgbọ́n orúkọ tí ẹni tó gbé e sórí YouTube bá fún un ló ń rántí. Ẹ̀yin náà ti rí sinimá Yorùbá tí wọ́n ta nínú kásẹ́ẹ̀tì nígbà tí a wà lọ́mọdé, tó tún jáde pẹ̀lú orúkọ mìíràn bí ẹni pé àná ni wọ́n yà á. Bí wọ́n bá sì yọ ọ́ kúrò, a kò ní bá nǹkan kan níbẹ̀ mọ́. Fóònù kò sì mọ̀ nípa èyí tí a jọ wò nínú yàrá ọ̀rẹ́ wa lálẹ́ Jímọ̀.

Ẹ wo stéṣọ̀n rélùwéè tó wà ní East-West Highway. Nígbà tí wọ́n ṣí i ní 1993, Prince George's Plaza ni wọ́n ń pè é. Láti 2022, Hyattsville Crossing ló ń jẹ́. Ẹni tó bá kọ orúkọ àtijọ́ sílẹ̀ tòun ti ọdún, ilẹ̀ kò ní ṣú u. Yóò mọ̀ pé ibì kan náà ni. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ sinimá tó yí orúkọ padà. Orúkọ lè yí, ṣùgbọ́n bí a bá kọ olùdarí, àwọn òṣèré àti ọjọ́ tí a wò ó, a ó dá a mọ̀.

Èrè mìíràn tún wà. Ìwé náà ń jẹ́ kí a rí okùn tó so iṣẹ́ kan mọ́ èkejì. Ní 1976, Ọlá Balógun darí Àjàní Ògún. Adéyẹmí Afọláyan, tí a mọ̀ sí Adé Love, ni olórí òṣèré. Ní 1999, Túndé Kèlání gbé Ṣaworoidẹ jáde, Akínwùmí Ìṣọ̀lá ló kọ ọ́. Kọ́lá Oyèwọ̀ ṣe Lápité, Adébáyọ̀ Fálétí ṣe Baba Ọ̀pálábá, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń jẹ́ Kúnlé Afọláyan sì wà nínú rẹ̀. Ọmọ Adé Love ni. Ní 2022, òun náà ló darí Aníkúlápó tí gbogbo wa wò lórí Netflix. Ẹni tó bá kọ àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sílẹ̀ yóò rí i pé ohun tí à ń pè ní tuntun ní bàbá, ó sì ní ilé tó ti wá.

Ní ti àwa akẹ́kọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí a tún ṣe ìṣirò díẹ̀. Bí ènìyàn bá ń wo sinimá mẹ́ta lọ́sẹ̀, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan gba wákàtí méjì, wákàtí 6 nìyẹn. Nínú ọ̀sẹ̀ 52, ó di wákàtí 312, ìyẹn ọjọ́ 13 gbáko, tọ̀sán-tòru. Díẹ̀ díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọgbà. N kò ní kí ẹnikẹ́ni má wò ó mọ́ o. Iṣẹ́ kì í tán, ara sì ń fẹ́ ìsinmi. Ohun tí mò ń wí ni pé ọjọ́ 13 tó nǹkan tó yẹ kí a mọ ohun tí a fi ṣe. Bí a bá tún kọ èdè tí wọ́n sọ nínú sinimá kọ̀ọ̀kan, ìwé náà yóò sọ fún wa bóyá oṣù mẹ́ta ti kọjá tí a kò gbọ́ odindi ìtàn kan lédè Yorùbá. Nílẹ̀ àjèjì tí a wà yìí, kò sí ẹni tí yóò bá wa ka ìyẹn.

Báwo ni kí a ṣe kọ ọ́? Kó má gùn: ọjọ́ tí a wò ó, orúkọ sinimá àti apá tó jẹ́, olùdarí àti ọdún tó jáde, òṣèré méjì tàbí mẹ́ta, èdè, ibi tí a ti wò ó àti àwọn tí a jọ wò ó. Ní ìparí, kí a kọ gbólóhùn kan péré nípa ohun tí kò kúrò lọ́kàn wa: orin kan, òwe kan, tàbí ibi tí ìtàn ti ṣẹ́ lójijì. Kí a má kọ ohun tí a rò pé ó yẹ kí ọ̀mọ̀wé kọ. Bí sinimá bá sú wa, kí a kọ pé ó sú wa. Kò ní gbà ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ. Ní alẹ́ ọjọ́ Àìkú, kí a ka iye tó wà níbẹ̀, kí a sì fa ìlà sí i.

Nígbà tí a bá sì tún fi fóònù bá àwọn òbí wa sọ̀rọ̀, ẹ jẹ́ kí a bi wọ́n léèrè sinimá tí wọ́n kọ́kọ́ wò: ìlú wo ni, gbọ̀ngàn wo ni, ta ló mú wọn lọ? Ẹ kọ ọ́ sí ẹ̀yìn ìwé yín kan náà. Àwọn tó wo Ayé ní 1979 ti di àgbàlagbà, ọjọ́ sì ń lọ.

Àìkówọ̀ọ́rìn ló ń jẹ ọmọ ejò níyà. Nítorí náà, mo bẹ Ẹgbẹ́ pé kí a ní ìwé ńlá kan tí yóò máa wà ní ìpàdé oṣooṣù, kí ẹni tó bá wo sinimá Yorùbá wá da tirẹ̀ kọ síbẹ̀. Bí ogún ènìyàn bá ṣe é fún ọdún kan, a ó ní ohun tí ẹni tó ń ṣe ìwádìí lọ́la lè ṣí, kí ó sì dúpẹ́ lọ́wọ́ wa. Èmi yóò mú tèmi wá sí ìpàdé tó ń bọ̀. Ẹ̀yin náà, ẹ mú tiyín dání.

Ó di oṣù tó ń bọ̀ o. Ire o.