Pẹ̀lẹ́ Tí Mo Yára Sọ

Nígbàkúùgbà tí mo bá pe ìyá mi ní Ìbàdàn, ìbéèrè kan náà ni wọ́n máa ń bi mí: "Ọmọ mi, ṣebí o ti gboyè ọ̀mọ̀wé, èwo wá ni ti iṣẹ́ tí o ṣì ń kọ́?" N kò dá wọn lẹ́bi. Ní ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ ní Amẹ́ríkà níbí, ẹni tó gboyè nínú ìmọ̀ ìtọ́jú ọkàn kò tíì lè dá iṣẹ́ ṣe. Yóò kọ́kọ́ ṣiṣẹ́ bí ọdún kan sí i lábẹ́ àmójútó àgbà nídìí iṣẹ́ náà, yóò sì ṣe ìdánwò oníbéèrè 225, kí ìwé àṣẹ tó tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́.

Ilé ìwòsàn ìjọba tó wà fún àwọn ológun tó ti fẹ̀yìntì ni mo ti ń lo ọdún tèmi. VA ni gbogbo ènìyàn ń pe àjọ tó ni ín. Ní 1946, nígbà tí àwọn ọmọ ogun ti ti Ogun Àgbáyé Kejì dé, tí àwọn tí yóò tọ́jú ọkàn wọn kò sì tó nǹkan, ni àjọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ irú wa níṣẹ́. Síbẹ̀, ó di 1980 kí àwọn oníṣègùn ọpọlọ Amẹ́ríkà tó kọ orúkọ PTSD sínú ìwé àìsàn wọn, nígbà tí ọ̀pọ̀ àwọn tó ja ogun Vietnam ti ń ta jí lójú oorun láti ọdún pípẹ́.

Ìtọ́jú kan wà tí Edna Foa ṣe àgbékalẹ̀ rẹ̀, Prolonged Exposure. Ìjókòó 8 sí 15 ni, ìkọ̀ọ̀kan sì máa ń tó ìṣẹ́jú 90. Aláìsàn yóò di ojú, yóò sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ bí ẹni pé ó ń ṣẹlẹ̀ lọ́wọ́, yóò tún un sọ, yóò tún un sọ. A ó gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀ kí ó lè máa gbọ́ ọ nílé. Ìdí ni pé sísá fún ìrántí náà ni kì í jẹ́ kí ẹ̀rù rẹ̀ kú. Ẹ wo bí èyí ṣe jìnnà sí bí wọ́n ṣe tọ́ wa! Ẹni tó bá ń sunkún nílé wa, "má rò ó mọ́" la ó kọ́kọ́ sọ fún un.

Ọkùnrin kan jókòó níwájú mi lọ́jọ́ kan. N kò ní sọ ogun tó jà. Ohun tí a bá gbọ́ nínú yàrá yẹn kì í jáde. Ó dé ibi tó nira jù nínú ìtàn rẹ̀, ohùn rẹ̀ gbọ̀n, "Sorry" sì bọ́ lẹ́nu mi. Pẹ̀lẹ́ ni mo ní lọ́kàn. Àforíjì ló gbọ́. Ó lajú, ó ní, "Kí lo ṣe? Ìwọ kọ́ lo wà níbẹ̀." Kò padà sínú ìtàn náà mọ́ lọ́jọ́ yẹn.

Ọ̀gá mi ní kí a jọ gbọ́ ohùn tí a gbà sílẹ̀. Wọ́n bi mí pé, "Ta lo ń rẹ̀ lẹ́kún?" Mo ní òun ni. Wọ́n tún un gbé sí i. Ìgbà kẹta ni mo tó gbọ́ èémí ara mi, bó ṣe ń sáré. Èmi ni n kò lè fara dà á.

Mo rò pé kò ní padà wá. Ó wá. Nígbà tó tún dé ibẹ̀, mo di ọwọ́ mi méjèèjì mú, mo sì pa ẹnu mọ́. Ó kọjá ibẹ̀, ó dé òpin ìtàn náà.

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ja Ogun Abẹ́lé Nàìjíríà, 1967 sí 1970. Rédíò wọn kì í sùn lóru. Bí ọmọdé bá béèrè nípa ogun, wọn a ní ká lọ ṣeré, àwọn àgbà a sì ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́, ẹ má rò ó." N kò lè jẹ́ olùtọ́jú wọn, iṣẹ́ wa kò gbà kí a tọ́jú ẹbí ẹni. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ Àìkú tó kọjá, mo pè wọ́n, mo bi wọ́n léèrè àárọ̀ tí wọ́n kúrò nílé lọ wọṣẹ́ ológun. Wọ́n sọ̀rọ̀ díẹ̀ nípa ìyá wọn, wọ́n sì dákẹ́. Èmi náà dákẹ́.

"Ṣé owó fóònù rẹ kò tíì tán?"

"Kò tíì tán, Bàbá. Mo ń gbọ́ yín."