Kí Ilé Ìpọntí Di Òṣómàáló

Ọ̀rọ̀ ọtí ni mo gbé wá lónìí, àmọ́ n kò ní kí ẹ mu ún. Ohun tí ọtí ń fi sílẹ̀ lẹ́yìn ara rẹ̀ ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé.

Láìpẹ́ yìí, mo lọ sí ìnáwó òkú kan ní Iléṣà. Nígbà tí ayẹyẹ parí, àwọn ọmọ kan ń ṣa ìgò ọtí, wọ́n ń tò ó sínú kéréètì lọ́kọ̀ọ̀kan, nítorí pé olúnàáwó ni yóò san owó èyí tó bá sọnù. Ṣùgbọ́n ọ̀rá tí wọ́n fi di agolo ọtí pọ̀, inú gọ́tà ni wọ́n gbá a sí. Àríyá kan náà ni o: ìgò padà sílé, ọ̀rá di pàǹtí. Kí ló fà á?

Owó ló fà á. Nílẹ̀ wa, ẹni tó bá fẹ́ ra bíà inú ìgò láìmú ìgò òfìfo àti kéréètì wá yóò fi owó dúró fún wọn. Ilé ìpọntí á fọ ìgò náà, wọn á tún rọ ọtí sí i. Kéréètì tó bá fọ́ ṣe é lọ̀, kí a yọ́ ọ, kí a sì fi rọ òmíràn. Kò sẹ́ni tó fowó dúró fún ọ̀rá.

Ẹ rántí orúkọ tí à ń pe àwọn Ìjẹ̀ṣà: Òṣómàáló. Wọ́n ń ta aṣọ láwìn káàkiri. Bí ọjọ́ owó bá pé, oníṣòwò á lóṣòó sí ẹnu ọ̀nà onígbèsè pé, ‘Òṣó ni màá ló títí n ó fi gba owó mi.’ Ẹ wo bí odindi gbólóhùn ṣe sún kì di ọ̀rọ̀-orúkọ kan! Iléṣà yìí kan náà ni Ọ̀mọ̀wé Lawrence Ọmọ́lé dá International Breweries sílẹ̀ sí ní 1971, tí ọtí sì bẹ̀rẹ̀ sí í jáde níbẹ̀ ní 1978. Ǹjẹ́ kò yẹ kí gbogbo ilé ìpọntí wa ṣe òṣómàáló lórí ike àti ọ̀rá wọn?

Ẹnìkan lè sọ pé ọ̀rá fẹ́lẹ́, kò tó ohun tí a ń fi owó dúró lé lọ́kọ̀ọ̀kan. Òótọ́ ni. Ẹ jẹ́ kí a wọ̀n ọ́n, kí alágbàtà máa gba owó lórí kílò. Ọkọ̀ tó ń kó ìgò òfìfo padà lè kó o pẹ̀lú, kí wọ́n yọ́ ọ, kí ó di ọ̀rá mìíràn.

Ní Amẹ́ríkà, ike líle tó ń gbá orí agolo mú ni ọ̀pọ̀ ilé ìpọntí kéékèèké ń lò. Ike àlòkù ni ilé iṣẹ́ PakTech ní ìpínlẹ̀ Oregon fi ń ṣe é. Àwọn ilé ìpọntí kan gbé àgbá sẹ́nu ọ̀nà kí oníbàárà lè dá a padà, wọn á fọ̀ ọ́, wọn á tún un lò. Ní 2018, Carlsberg ti Denmark bẹ̀rẹ̀ sí í fi gáàmù lẹ agolo mọ́ra dípò òrùka ike.

Odò Ọ̀ṣun gba ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà kọjá kí ó tó dé igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo, èyí tí UNESCO kà mọ́ ogún àgbáyé ní 2005. Omi tí àwọn èèyàn ń bù mu lóṣù kẹjọ, nígbà ọdún Ọ̀ṣun, ni. Ohun tí a bá gbá sí gọ́tà lókè, ìsàlẹ̀ odò ló ń lọ.

Ìgò tó ń padà ní orúkọ: òfìfo. Ọ̀rá tí kò padà, pàǹtí là ń pè é. Ọjọ́ tí a bá fowó lé e ni yóò gba orúkọ tuntun. Èmi ti lóṣòó tì í o. Ẹ̀yin náà, ẹ wá lóṣòó.