Ẹ Jẹ́ Kí Àrìn Padà Sí Ọgbà Ilé-Ẹ̀kọ́ Wa

Àwa ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ yìí àtijọ́ dúpẹ́ pé Olúwa mú wa rí àjọ̀dún yìí. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan wà tí a kò lè gbé mì. A gbọ́ pé abẹ́ igi mángòrò ẹ̀yìn yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ ni wọn yóò da kọnkéré sí, kí ọkọ̀ àlejò lè rí ibi dúró. Ibẹ̀ ni àwa ti ta àrìn nígbà èwe wa.

Ẹ̀yin òbí tí ẹ kò dàgbà ní Awo lè béèrè ohun tí í ṣe àrìn. Èso igbó ni, ó rí róbótó, ó sì le bí òkúta. A ó to tiwa sórí ilẹ̀ tí a gbá mọ́, a ó fà sẹ́yìn, a ó sì fi ọ̀kan ta àwọn tí a tò. Èyí tí ẹni bá ta bà ni ó jẹ. Ó rọrùn láti sọ. Ṣùgbọ́n ojú tí ń wo ibi tí ilẹ̀ gbé dà, ọwọ́ tí kì í gbọ̀n, àti sùúrù láti dúró de ìgbà ẹni, a kì í kọ́ wọn ní ọjọ́ kan.

Ní Amẹ́ríkà, irin pátákò ẹṣin ni wọ́n ń jù sí òpó irin kúkurú tí a rì mọ́lẹ̀. Ẹsẹ̀ bàtà 40 ni ó wà láàárín òpó méjèèjì. Bí irin bá yí òpó ká, àmì 3 ni. Eré ará oko ni, síbẹ̀ Ààrẹ George Bush àgbà ṣe ojú eré rẹ̀ sí ọgbà ilé Ààrẹ ní 1989. Ojú kò tì í. Àwa ńkọ́? Eré sísá àti bọ́ọ̀lù nìkan ni à ń fún ní ife ẹ̀yẹ.

Àwọn kan wí pé tẹ́tẹ́ ni àrìn ń kọ́ ọmọ, nítorí ẹni tí ó borí ní ń kó èso. Òótọ́ ni pé a kó o nígbà náà (ẹlòmíràn nínú wa sunkún délé). Kí olùkọ́ gba gbogbo èso padà sínú àpò lẹ́yìn eré, ọ̀rọ̀ tẹ́tẹ́ parí. Wòlíì Sekaráyà pàápàá, ní orí 8, nígbà tí ó ń sọ bí Jerúsálẹ́mù yóò ti rí ní ọjọ́ àlàáfíà, kò gbàgbé àwọn ọmọdé tí ń ṣeré ní ìgboro.

A bẹ ìgbìmọ̀ àjọ̀dún kí wọ́n wá ibòmíràn fún ọkọ̀. Àyè wà lẹ́bàá ẹnu ọ̀nà ńlá. Bí owó bá ni ìṣòro, a ó dá sí i. A ó gbá abẹ́ igi náà fúnra wa, a ó sì wá èso àrìn kí ọjọ́ ìdárayá tó dé.