Orin Tí A Yá, Orin Tí A Ni

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ṣòkòtò àgbàwọ̀, bí kò fún ni lẹ́sẹ̀, a ṣo ni. Rẹ́múrẹ́mú ni ohun ẹni í bá ni mu. Ọ̀ràn orin ni mo fẹ́ fi òwe yìí sọ lóṣù yìí.

Ó ti pẹ́ díẹ̀ tí a ti ń san owó oṣooṣù nílé wa fún ilé-iṣẹ́ kan tí ń ti orí íntánẹ́ẹ̀tì gbé orin wá sínú fóònù ẹni. Mo fara balẹ̀ to àwọn orin tí àbíkẹ́yìn mi fi ń sùn, mo sì gbà wọ́n sílẹ̀ kí a lè máa gbọ́ wọn láìsí dátà. Ní alẹ́ ọjọ́ kan tí nẹ́tíwọ̀kì kò sí, mo tẹ orin títí, kò dún. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́ ni mo tó kà á pé wọ́n ti yọ àǹfààní yẹn kúrò nínú iye tí à ń san, wọ́n sì ti fi í fún àwọn tí ń san jù bẹ́ẹ̀ lọ. Owó wa kò dín. Ohun tí à ń rí gbà ni ó dín.

Inú bí mi púpọ̀. Nígbà tí ó rọ̀, mo bi ara mi ní ohun tí mo máa ń bi àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi nípa ohun èlò ilé: ṣé mo ra èyí ni, tàbí mo yá a? Yíyá ni. Àyè láti gbọ́ orin ni a ń sanwó fún. Ilé-iṣẹ́ náà pàápàá kò ni ín. Ó gba àṣẹ lọ́wọ́ àwọn tí ó ni orin náà ni.

Ẹ má sì rò pé ilé-iṣẹ́ ńlá yàtọ̀. Ní ọdún 2011 ni Google dá Google Play Music sílẹ̀, tí ènìyàn sì wá lè kó orin tirẹ̀ tí ó tó 50,000 pamọ́ síbẹ̀ nígbà tí ó yá. Ní ìparí ọdún 2020, wọ́n tì í. Ẹni tí kò bá kó ẹrù rẹ̀ kúrò kí oṣù Kejì ọdún 2021 tó parí, ó pàdánù rẹ̀.

N kò ní kí ẹ má sanwó orin mọ́. Ẹ jẹ́ kí a fi ọgbọ́n ṣe é ni.

Èkínní, ẹ máa san án lóṣooṣù, ẹ má san ti ọdún kan pọ̀, kí ẹ lè kúrò nígbà tí wọ́n bá yí àdéhùn padà.

Èkejì, ₦1,000 lóṣù, ₦12,000 ni lọ́dún. Ẹ yọ díẹ̀ nínú irú owó bẹ́ẹ̀, kí ẹ fi ra àwọn orin tí ẹ kò fẹ́ kí ó sọnù ní àrà-pa, irú èyí tí yóò dún láìtọrọ àyè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ẹ fi ọ̀kan pamọ́ sínú mẹ́mọ́rì káàdì, kí ẹ fi ẹ̀dà rẹ̀ sí ibòmíràn.

Ẹ̀kẹta, ẹ fi fóònù yín gba ohùn àwọn ìyá yín sílẹ̀. Kò sí ọjà tí a ti ń tà á, àwọn tí ó ni ín kò sì ní wà pẹ̀lú wa títí láé.

Ní alẹ́ ọjọ́ tí mo wí yẹn, ìyá ọkọ mi ni wọ́n gba ọmọ lọ́wọ́ mi, tí wọ́n pọ̀n ọ́n, tí wọ́n sì ń kọ orin ìrẹmọ ìlú wọn. Kò pẹ́ tí ọmọ fi sùn. Ní ọjọ́ kejì, kí n tó kọ ìwé ẹ̀sùn sí ilé-iṣẹ́ náà, mo kọ́kọ́ bẹ ìyá pé kí wọ́n tún un kọ, mo sì gbà á sílẹ̀.