Ṣé Dandan Ni Kó Ṣàìsàn Lẹ́ẹ̀mejì Ná?

Irú òfin wo ló ní kí èèyàn kọ́kọ́ ṣàìsàn lẹ́ẹ̀mejì kó tó gba ohun tí kò ní jẹ́ kó ṣàìsàn?

Ẹ̀yin àgbà wa tó ń ṣe nọ́ọ̀sì ní Amẹ́ríkà mọ èyí tí à ń wí. Ẹni tí kò lè dá tọ̀ ń ki rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́, kátítà, bọ ojú ìtọ̀ lọ́pọ̀ ìgbà lóòjọ́. A4351 ni nọ́ńbà tí wọ́n fi ń gba owó rọ́bà lásán lọ́wọ́ Medicare. A4353 ni ti rọ́bà pẹ̀lú gbogbo ohun ìkìbọ̀ tí kò ní kòkòrò. Èyí wọ́n jù, ibẹ̀ sì ni wàhálà wà. Yàtọ̀ sí àwọn díẹ̀ tí òfin yọ sílẹ̀, bí àwọn tó wà nílé ìtọ́jú arúgbó, àfi kí àrùn ojú ìtọ̀ mú aláìsàn lẹ́ẹ̀mejì láàárín oṣù 12, kí àyẹ̀wò sì jẹ́rìí sí i.

Wọ́n á ní torí olè ni. Olè wà lóòótọ́: ìròyìn gbé e pé ní 2023, wọ́n fi orúkọ àwọn tí kò béèrè rọ́bà kankan kọ owó tó lé ní bílíọ̀nù 2 dọ́là sí Medicare lọ́rùn. Ṣé àrùn mú olè kankan lẹ́ẹ̀mejì kó tó kọ nọ́ńbà? (Áà, ẹ gbà wá o.) Aláìsàn gidi nìkan ni òfin náà dì mú.

Ṣáájú 2008, rọ́bà mẹ́rin péré ni Medicare ń san lóṣù. Àwọn èèyàn ń fọ̀ ọ́, wọ́n ń tún un lò. Lónìí ó lè tó 200. Wọ́n tún ìyẹn ṣe. Kí wọ́n tún èyí náà ṣe, kí ìwé dókítà tó láti gba A4353.